Ìyàrá Mẹ́fà ní Roxbury

Ní ọdún 1950, Elma Ina Lewis gba ilé oníyàrá mẹ́fà kan ní Waumbeck Street, ní àdúgbò Roxbury ní ìlú Boston. Ó wá olùkọ́ mẹ́rin, ó kó ọmọ 25 jọ, ó ní ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ijó, orin, eré orí ìtàgé àti àwòrán yíyà ni wọ́n fẹ́ máa kọ́ níbẹ̀, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí bàbá wọn jẹ́ lébìrà, tí ìyá wọn ń bá òyìnbó tún ilé ṣe, ni wọ́n sì fẹ́ máa kọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àjídò lẹ́bàá Bàdágírì gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ó ń lọ kàwé ní Morehouse College ní Atlanta. Babátúndé Ọlátúnjí lorúkọ tiẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀nà àwọn méjèèjì tó pàdé, ṣùgbọ́n ó pàdé.

Ọmọ Àyàn ni èmi tí mò ń kọ èyí. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, Dorchester tó bá Roxbury pààlà ni mo fìdí kalẹ̀ sí, ó ti lé lógún ọdún. Lọ́jọọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílùú yìí ní ìlù nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá sábà máa ń bi mí nípa àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní charter, tí ìjọba ń sanwó wọn ṣùgbọ́n tí kálukú wọn ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tó ń darí rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi orin tàbí ijó ṣe òpó ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń bèèrè jù. Wọ́n á ní, “Bọ̀dá, ta ló tiẹ̀ ronú kan irú nǹkan báyìí?” Wọ́n ń retí kí n dárúkọ gómìnà kan tàbí òfin kan. Òfin wà lóòótọ́, màá sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin bá iṣẹ́ náà nílẹ̀ ni. Àwọn obìnrin Roxbury ti ń ṣe é láìsí kọ́bọ̀ ìjọba, ó sì ń dùn mí pé àwa tí à ń gbé níbí, tí à ń gba ojú ọ̀nà wọn kọjá lójoojúmọ́, a kò mọ orúkọ wọn.

Barbados ni àwọn òbí Elma Lewis ti wá. Boston ni wọ́n bí òun sí, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1921. Ọmọ ẹ̀yìn Marcus Garvey paraku ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹgbẹ́ Garvey, UNIA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jàmáíkà lọ́dún 1914, ń sọ fún èèyàn dúdú níbi gbogbo pé wọ́n ní ilẹ̀ bàbá, wọ́n ní ìtàn, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fojú ẹrú wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé fún ìdílé Lewis. Negro World, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, ń wọ ilé wọn, àwọn ọmọkùnrin ilé sì ń tà á kiri. Elma kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tó kọ́kọ́ dìde ka ewì níwájú ẹgbẹ́. Mo máa ń ronú nípa ìyẹn gan-an. Àgbàlagbà kún inú gbọ̀ngàn, ọmọ kékeré dìde, ó sọ̀rọ̀, gbogbo wọn dákẹ́ fún un, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Mo gbà pé orí ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà dúró lé: ọmọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ bá ti fetí sí báyìí, yóò ṣòro fún ará ìta láti sọ fún un pé kò já mọ́ nǹkan kan.

Ó gboyè ní Emerson College lọ́dún 1943, ó sì gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Boston University lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ sísọ àti eré ìtàgé ni iṣẹ́ tó kọ́. Àmọ́ nílùú Boston ìgbà náà, kò sí ipa gidi fún obìnrin dúdú lórí ìtàgé. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé abọ́ wọlé ni wọ́n máa ń fi í ṣe. Ó lọ ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í já geere lẹ́nu wọn, ó sì ń darí orin àti eré ní Robert Gould Shaw House, ilé kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa ran àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ opera ló gbé jáde níbẹ̀, àwọn tó ń kọrin sì jẹ́ èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Nígbà tó fi di 1950, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ bí wọ́n ṣe ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe nǹkan ńlá.

Ìyá àgbà kan wà ní òpópónà wa, èèyàn dúdú Amẹ́ríkà, Màmá ni mo máa ń pè é. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà ní kékeré, ní àwọn ọdún 1950. Ijó ni ìyá rẹ̀ ní kó lọ kọ́, ṣùgbọ́n ó ní ijó kọ́ ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ òun. Bí wọ́n ṣe ń wọ yàrá ni. Ọmọ á dé ẹnu ọ̀nà, á na ẹ̀yìn, á gbé orí sókè, á wo olùkọ́ lójú, á kí i, á sì pe orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún. Kò gbọdọ̀ gbé ìparí orúkọ náà mì. Bó bá kù díẹ̀ káàtó, á padà síta, á tún wọlé. Màmá dìde lórí àga nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó fi hàn mí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì di etí tábìlì mú kó tó lè dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tó dúró tán, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, ó sì pe orúkọ rẹ̀ tí gbogbo ilé gbọ́.

Mo sọ fún un pé níbi tí èmi ti wá, ọmọ kì í wo àgbà lójú. Ó ní òun mọ̀, òun náà ní ọ̀wọ̀ fún àgbà. “Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹgba kọ́ bàbá bàbá mi láti máa wolẹ̀ bí òyìnbó bá ń kọjá. Miss Lewis ní kí àwa gbójú sókè.”

Ní agbo ilé wa ní Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tó ń pe ìlù kíkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Inú ìyá rẹ̀ ni ọmọ Àyàn ti ń gbọ́ ìlù. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé omele fún un, á máa tẹ̀ lé àwọn bàbá lọ òde, á máa lu ìlù kan ṣoṣo tí kì í yí padà títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dúró, ó di ọjọ́ tó bá gbọ́n sí i kí wọ́n tó gbé ìyáàlù kọ́ ọ lápá. Bàbá ń kọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n ń kọ́ ọ, ìyàwó ilé tó ń dáná lẹ́yìnkùlé pàápàá á pariwo pé “Kò rí bẹ́ẹ̀!” bí ọwọ́ bá ṣì í. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìyàrá mẹ́fà ti Waumbeck Street, agbo ilé ni mo rí. Oko ẹrú ti fọ́ agbo ilé àwọn èèyàn yìí túútúú, ó ta bàbá síhìn-ín, ó ta ọmọ sọ́hùn-ún. Elma Lewis háyà yàrá, ó sanwó olùkọ́, ó tún agbo ilé kọ́ síbi tí kò ti sí mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí àwọn ọmọ náà ń lọ láàárọ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Boston ti gbó, ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì, ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀kọ́ nílùú sì kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kò sí ìyàsọ́tọ̀ kankan. Ní oṣù kẹfà ọdún 1963, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kejì ọdún 1964, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kò lọ sí ilé ìwé. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà, ìtàn àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n sì kọ́ wọn. Ní 1965, wọ́n lé olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, Jonathan Kozol, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kíláàsì kẹrin ló ń kọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ka ewì Langston Hughes kan fún àwọn ọmọ, ewì nípa ayálégbé àti onílé, tí kò sí nínú ohun tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí. Òyìnbó ni Kozol, Hughes ni èèyàn dúdú. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ fún pé wọn kò lóye nǹkan kan, wọ́n gbọ́ ewì yẹn yé yékéyéké, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé wọn ni. Kozol kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tó jáde ní 1967, ìwé náà sì ká gbogbo Amẹ́ríkà mọ́.

Láti ọdún 1966 lọ, àwọn òbí Roxbury bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwọn sílẹ̀: New School for Children, Roxbury Community School, lẹ́yìn náà Highland Park Free School. Òbí ló ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, òbí ló ń yan olùkọ́, òbí ló ń bá wọn kọ́ni nínú kíláàsì, owó ìtọrẹ ni wọ́n sì fi ń gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ẹni tó bá mọ bí charter ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí, kó fi wé èyí. Owó ìjọba nìkan ló kù.

Ọdún 1966 yẹn náà ni Elma Lewis ṣe ohun tí àwọn àgbà Roxbury kò tíì yéé sọ. Franklin Park, ọgbà ńlá tó wà láàárín Roxbury àti Dorchester, ti di ibi tí ìjọba ìlú pa tì. Igbó kún ún, ìdọ̀tí kún ún, àwókù ilé òkúta kan sì wà nínú rẹ̀. Elma Lewis àti àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn gbá a, wọ́n kó ìdọ̀tí kúrò, wọ́n sọ àwókù náà di ibi eré, wọ́n pè é ní Playhouse in the Park. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, orin àti eré ń lọ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé àga tàbí aṣọ ìtẹ́lẹ̀ wá. Duke Ellington wá ṣeré níbẹ̀, ó sì tún padà wá. Màmá ní ọmọ òun wà ní àyà òun lálẹ́ ọjọ́ kan tí Ellington ń lu dùùrù, òun kò sì sanwó kankan wọlé. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ṣì lè wá gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé oníyàrá mẹ́fà ti kéré tipẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti ń kó láti ibì kan sí ibòmíràn ní Roxbury, nítorí pé ọmọ ń pọ̀ sí i. Ní 1968 ni ilé gidi wá. Àwọn Júù tí wọ́n ti ń gbé Roxbury tẹ́lẹ̀ ti ń kó lọ sí ìgbèríko láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú, sínágọ́gù ńlá wọn kan, Temple Mishkan Tefila, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1920 sí igun Seaver Street àti Elm Hill Avenue, sì dá dúró. Àwọn ẹgbẹ́ Júù nílùú fi ilé náà lé Elma Lewis lọ́wọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ilé òkúta tó rí gbàgàdà ni, òpó gàgàrà wà níwájú rẹ̀, ó sì kọjú sí Franklin Park. Lọ́dún kan náà ló dá National Center of Afro-American Artists sílẹ̀, kí ó lè jẹ́ ìyá fún gbogbo iṣẹ́ náà: ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ oníjó, ẹgbẹ́ olórin, àti mùsíọ́mù tí Edmund Barry Gaither wá ń darí. Àwọn olùkọ́ tó ń wá síbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Talley Beatty, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní New York nínú iṣẹ́ ijó, kọ́ àwọn ọmọ Roxbury. Billy Wilson náà kọ́ wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti Àjídò àti ti Barbados ti pàdé. Ọlátúnjí ti di èèyàn ńlá nígbà náà. Àwo orin rẹ̀, Drums of Passion, tó jáde ní 1960, ti gbé ìlù ilẹ̀ wa wọ yàrá àwọn tí kò mọ ibi tí Nàìjíríà wà. Ó ti dá ilé àṣà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 125th Street ní Harlem, níbi tí John Coltrane ti fọn fèrè ní oṣù kẹrin ọdún 1967, nígbà tí ikú rẹ̀ ku bí oṣù mẹ́ta. Láti New York ni Ọlátúnjí ti ń wá sí Boston láti kọ́ àwọn ọmọ Elma Lewis ní ìlù.

Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ni ni mo fẹ́ kí àwọn onílù kíyè sí. Kì í ṣe dùndún ló fi ń kọ́ wọn; ìlù àfọwọ́lù ni, irú àṣíkò. Ó pín gbogbo ohùn ìlù náà sí mẹ́fà: gun, dun, go, do, pa, ta. Gun ni àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún láàárín awọ, dun ni ti òsì. Go àti do ni ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ìlù, tó ń dún gbọnrangandan. Pa àti ta ni gbígbá tó ń ta sí etí. Ọmọ kò ní fọwọ́ kan ìlù títí yóò fi lè fi ẹnu sọ ọ́ délẹ̀. Gbogbo kíláàsì á jókòó yíká, wọ́n á máa pe gun-go-do, pa-ta, kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ Àyàn á rò pé ọgbọ́n tuntun ni. Ohun tí ìyàwó ilé ń ṣe lẹ́yìnkùlé wa nìyẹn. Ọlátúnjí kò ní agbo ilé tó lè gbé fún àwọn ọmọ Roxbury, ó wá gbé ẹnu àgbà fún wọn nínú ohùn mẹ́fà. Mo ń lo ọgbọ́n náà fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Boston, tí Yorùbá kò já geere lẹ́nu wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju àlàyé èyíkéyìí lọ.

Ohun mìíràn tó ti inú ilé náà jáde ni Black Nativity, eré ìbí Jésù tí Langston Hughes kọ ní 1961. Elma Lewis bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní 1970, àgbà ń kọrin, ọmọdé ń gbé fìtílà, ń jó, ń ṣe áńgẹ́lì. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń ṣe é ní Boston ní gbogbo oṣù Kejìlá. Ẹ rántí pé nítorí ewì Hughes yìí náà ni wọ́n fi lé olùkọ́ ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Elma Lewis kò bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ ewì. Ó gbé Hughes sórí ìtàgé, ó kó ọmọ Roxbury sí i, ó sì pe ìlú wá wò ó. Ó tiẹ̀ gbé iṣẹ́ náà wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Norfolk, níbi tí Malcolm X ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ó ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní iṣẹ́ ìtàgé kí wọ́n lè rí nǹkan ṣe jẹun bí wọ́n bá jáde.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Owó ilé ìwé tí àwọn òbí ń san kò tó nǹkan, ìtọrẹ àti ìrànwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ onínúure bíi Ford Foundation ló ń gbé e. Ẹ gbé ilé òkúta tó tó sínágọ́gù lé irú owó bẹ́ẹ̀ lórí, kí ẹ wá rántí òtútù Boston láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Ní 1974, adájọ́ Garrity dájọ́ pé ìlú ti ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ó ní kí bọ́ọ̀sì máa gbé ọmọ láti àdúgbò kan lọ sí òmíràn. Òkúta fọ́ wíńdò bọ́ọ̀sì, ìlú gbóná. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1980, àwọn ará Massachusetts dìbò pé kí owó orí ilé má kọjá ìwọ̀n kan, Proposition 2½ ni wọ́n ń pè é, owó ilé ẹ̀kọ́ sì já lulẹ̀. Boston ti ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n dá olùkọ́ dúró, olùkọ́ orin àti ti iṣẹ́ ọnà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Oríyìn ń wọlé fún Elma Lewis lásìkò yẹn: ẹ̀bùn MacArthur ní 1981, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni, àmì ẹ̀yẹ láti ọwọ́ Ààrẹ Reagan ní 1983. Ṣùgbọ́n iná jó ilé Seaver Street, gbèsè ń ga, nígbà tó sì fi di 1990, kíláàsì ti dáwọ́ dúró. Ogójì ọdún gbáko ló fi ṣe é.

Mùsíọ́mù rẹ̀ kò kú. Ó wà ní ilé òkúta àtijọ́ kan ní Walnut Avenue láti 1980, orí idẹ ńlá kan sì wà lórí koríko níwájú rẹ̀, Eternal Presence, iṣẹ́ ọwọ́ John Wilson tó jẹ́ ọmọ Roxbury, tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1987. Orí nìkan ni, láìsí ara, ó sì ga ju àgbàlagbà lọ. Mo máa ń kó àwọn ọmọ ìlù mi lọ síbẹ̀. Ètè nípọn, imú gbòòrò, ojú rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ kan imú rẹ̀, wọ́n á tún fọwọ́ kan tiwọn.

Ó wá kan òfin. Ray Budde, olùkọ́ ní University of Massachusetts, ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ charter fún ilé ẹ̀kọ́: kí àwọn olùkọ́ gba ìwé àdéhùn láti dán ọ̀nà tuntun wò. Ní 1988, Albert Shanker, olórí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, gbé èrò tó jọ ọ́ kalẹ̀ níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè. Minnesota ṣòfin ní 1991, ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sì ṣí ní St. Paul lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Massachusetts ṣe tirẹ̀ ní 1993, ti àkọ́kọ́ ṣí ní 1995. Owó tí ìlú ì bá ná lórí ọmọ á tẹ̀ lé ọmọ náà lọ sí charter. Òbí kò ní san kọ́bọ̀. Bí ọmọ bá pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n á ṣẹ́ kèké. Ìwé àdéhùn náà kì í ju ọdún márùn-ún lọ kí ìjọba tó tún un yẹ̀ wò. Òfin 1993 yìí kan náà ló bí ìdánwò MCAS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún ilé ẹ̀kọ́ olórin, ó sì gbé ìdánwò kalẹ̀ tó ń jẹ́ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn fẹ́ fi àkókò orin ṣe ìṣirò.

Ní 1999, ọdún kan lẹ́yìn tí MCAS bẹ̀rẹ̀, ni Conservatory Lab Charter School ṣí. New England Conservatory, ilé ẹ̀kọ́ gíga olórin tó ti wà ní Boston láti 1867, ló bí i. Brighton ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èrò wọn ni pé kí wọ́n má fi orin ṣe eré ìsinmi láàárín iṣẹ́ ìwé, kí ìwé kíkà, ìṣirò àti orin máa bá ara wọn rìn. Ọmọ tó bá lè pín ìlù kan sí méjì, sí mẹ́rin, ó ti ń ṣe ìdá nìyẹn kó tó mọ orúkọ rẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí onílù.

Ní 2010, Conservatory Lab gba ọ̀nà El Sistema, ọ̀nà ìkọ́ni ní orin tí José Antonio Abreu bẹ̀rẹ̀ ní Caracas, ní Venezuela, lọ́dún 1975. Abreu gba ẹ̀bùn TED ní 2009, ó ní ohun tí òun fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ni kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ olórin tí yóò lọ máa tan iṣẹ́ náà ká, New England Conservatory sì gbà láti kọ́ wọn. Wọn kì í dúró kí ọmọ kọ́ tán kó tó wọ ẹgbẹ́ olórin. Inú ẹgbẹ́ ni yóò ti kọ́ ọ. Àṣà kan wà láàárín wọn tí mo fẹ́ràn púpọ̀, láti Venezuela ló ti wá. Wọn kì í kọ́kọ́ gbé fáyólìnì gidi fún ọmọ kékeré. Bébà àti páálí ni ọmọ àti òbí rẹ̀ yóò fi ṣe ọ̀kan, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á kùn ún. Ọmọ á fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e sí èjìká, bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba fún àwọn tó wá gbọ́ wọn, bí wọn kì í ṣe gbé e sílẹ̀ yẹpẹrẹ. Ọmọdébìnrin kan nínú kíláàsì ìlù mi, tí òun náà gba irú ẹ̀kọ́ yìí, gbé ti bébà tirẹ̀ wá hàn mí. Òwú aṣọ ló fi ṣe okùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gọ́ọ̀mù ti ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan gbé e. Ó ní, “Ọwọ́ méjèèjì, Bọ̀dá.”

Conservatory Lab ti fi Brighton sílẹ̀, Dorchester ló wà báyìí. Ní 2018, wọ́n wọ ilé tuntun kan ní Columbia Road. Ẹ tẹ̀ lé òpópónà yẹn, Franklin Park ni ẹ ó já sí.

Èmi kò ní sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ bí ẹni ń ṣèdájọ́ ní kóòtù. Owó tó ń wọlé déédéé ni Elma Lewis kò rí láyé rẹ̀, charter rí i. Ó ṣe pàtàkì gan-an, ẹni tí kò bá tíì wá owó iná ilé ẹ̀kọ́ rí ló lè fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n kèké ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé, mo sì ti jókòó ti ìyá tí kèké kò mú ọmọ rẹ̀. Ìlú náà ń jiyàn: ní 2016, wọ́n dìbò bóyá kí charter pọ̀ sí i ní Massachusetts, 62 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò sì ní rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rù pé owó á gbẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó kù. Ìbẹ̀rù gidi ni. Ọmọ tí kèké kò mú, ibẹ̀ náà ló ń lọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ohun tí wọ́n ń kọ́. Elma Lewis kọ́ ọmọ ní ballet, ó kọ́ wọn ní opera, kò sì wò ó pé ti òyìnbó ni. Àmọ́ kó tó dé ibẹ̀, ó ti kọ́ ọmọ láti pe orúkọ ara rẹ̀, ó ti gbé ìlù Ọlátúnjí kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti kọ́ ọ ní ìtàn ibi tó ti wá. Ilé ẹ̀kọ́ olórin tó bá gbé fáyólìnì fún ọmọ Roxbury láìfi ìlù àwọn baba rẹ̀ hàn án ti ṣe dáadáa, kò tíì ṣe é tán. Mo ń sọ èyí fún àwọn olùkọ́ tí mo bá pàdé, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbọ́. Àwọn kan ti ní kí n gbé ìyáàlù wá.

Ọlátúnjí kú ní oṣù kẹrin ọdún 2003, ó ku ọ̀la kó pé ọdún 76. Elma Lewis kú ní ọjọ́ kìíní ọdún 2004. Àwọn ìwé rẹ̀ àti ti ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní Northeastern University, ní ìlú Boston, ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n lè lọ kà wọ́n. Apá tiwa nínú ìtàn náà ni mò ń kó jọ báyìí: àwọn onílù àti oníjó láti ilé tó bá Ọlátúnjí wá sí Elm Hill Avenue, àwọn tó sùn sílé àwọn ará Roxbury, àwọn tó kọ́ ọmọ lọ́sẹ̀ kan tí wọ́n sì lọ láìkọ orúkọ sílẹ̀. Mo ti gba ohùn Màmá sílẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ṣì wà láyé, yálà ní Boston, ní New York tàbí ní ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó bá mi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tí ohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.